Ajá bu gúùsì jẹ: kí la ó kọ́kọ́ ṣe, kí la ò gbọdọ̀ ṣe?

Màmá Gúùsì (Yábà)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ajá kan gba ojú àgbàrá wọ ọgbà wa kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ki àwọn gúùsì mọ́lẹ̀. Akọ ń tiro díẹ̀. Abo lọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀: ihò kéékèèké mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ibi tí apá òsì ti so mọ́ ara. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, àmọ́ apá náà ń wọ́lẹ̀, ó jókòó gelete sójú kan, kò jẹ, kò mu. Tó bá wọ ìwọ̀n, á tó kílò mẹ́rin. Hydrogen peroxide wà nílé, Dettol wà, epo pupa wà, Ampiclox wà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ẹ̀jẹ̀ tó dá yẹn ńkọ́, ṣé ewu ti kọjá nìyẹn?

Dókítà Ẹran (Gbàgádà)

Màmá, ẹ kú ìpayà. Ẹ má tíì mú ìkankan nínú wọn. Ewu ò tíì kọjá.

Eyín ajá rí ṣóńṣó. Á gún awọ wọlé, ajá á wá di ẹyẹ náà mú, á máa jù ú sọ́tùn-ún sósì. Ihò tó wà lókè lè má ju ojú ìṣó lọ, ṣùgbọ́n ẹran abẹ́ rẹ̀ á ti fàya, awọ á ti ṣí kúrò lára ẹran, itọ́ ajá àti kòkòrò inú rẹ̀ á sì ti wọ ibẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí gúùsì fi ń rìn kiri lọ́jọ́ kìíní, tí wọ́n á wá bá òkú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má fi bí ihò ṣe tóbi tó wọn ọgbẹ́ ajá láé.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìjáyà lẹ̀ ń tọ́jú, ọgbẹ́ ò tíì kàn. Ẹ wá páálí ńlá tó lè dìde dúró tó sì lè yíra nínú rẹ̀, ẹ lu ihò afẹ́fẹ́ sí i lára, ẹ tẹ́ táwẹ́lì sí i nísàlẹ̀, ẹ gbé e sí yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ariwo ọmọdé, rédíò àti jẹnẹrétọ̀ ò dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ da táwẹ́lì bò ó, ẹ pa apá méjèèjì mọ́ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ gbé e sábẹ́ abíyá yín, kí orí rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn yín, kí ọwọ́ yín kejì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ọrùn fà á, ẹ má fi apá fà á. Ẹ má sì fún àyà rẹ̀ mọ́ra gírígírí. Bí ẹyẹ bá ń mí, egungun àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn. Tí egungun yẹn ò bá ráyè, kò sí bí afẹ́fẹ́ ṣe máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ ooru: ẹyẹ tó wà nínú ìjáyà nílò nǹkan bíi 27 sí 30°C. Lọ́sàn-án Èkó, yàrá tí kò ní fáànù ti tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má tan gílóòbù sí i lórí. Bó bá di òru tí òjò ń rọ̀, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi táwẹ́lì wé e, ẹ gbé e sí apá kan páálí, kí ẹyẹ lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́. Bó bá ya ẹnu sílẹ̀ tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, tó sì na apá sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù bí omi, tí inú ẹnu rẹ̀ sì funfun, ooru kò tó, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú.

Ẹ jẹ́ kó sinmi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nìkan ni kì í dúró de ìsinmi.

Nọ́ọ̀sì Ṣùúrùlérè

Màmá, ẹ fún akọ náà ní àyẹ̀wò kan náà o, nítorí ẹni tó ń tiro lè ní ihò lábẹ́ itan tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Fún ẹni tó máa ka èyí lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà: aṣọ mímọ́, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ẹ wo aago. Ẹ má máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i lẹ ń fa ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì ya. Bó bá ṣì ń jò, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ fún márùn-ún mìíràn. Gúùsì kílò mẹ́rin kò ní ju nǹkan bí 300 sí 400 ml ẹ̀jẹ̀ lọ lára, kò tó ìgò kóòkì 50 cl kan. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó kún ife tíì kékeré nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Èékánná tó ya, tàbí ṣóńṣó ẹnu tó ṣẹ́, ẹ lè fi kọ́nfílawà tẹ̀ ẹ́, á dá a dúró. Kọ́nfílawà kò gbọdọ̀ wọ ihò jíjìn. Ìyẹ́ tuntun tó ṣì ní ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ṣẹ́, á máa kán tó-tó-tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà. Bó bá kọ̀ tí kò dá, dókítà ló yẹ kó fà á tu láti ìdí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣebí epo pupa làwọn àgbà fi ń tọ́jú adìyẹ tí ológbò ha? Tí a bá fi epo àti álọ́ọ̀mù dí ojú ihò yẹn, ṣé kòkòrò ò ní lè wọlé mọ́?

Dókítà Ẹran (Gbàgádà)

Àbúrò, kòkòrò ti wà nínú ilé ná, eyín ajá ló gbé e wọlé. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, inú ló máa jẹ. Ìdí kan náà la kì í fi rán ojú eyín ajá, tí a kì í sì í fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. À ń jẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀ kí ìdọ̀tí lè máa jáde, kí ẹran kún un láti ìsàlẹ̀ wá.

Epo tún ní aburú kejì lára ẹyẹ omi. Ìyẹ́ gúùsì máa ń ti omi dànù nítorí pé àwọn fọ́nrán rẹ̀ há mọ́ra wọn. Epo pupa, òrí, fáásílììnì, rọ́ọ̀bù, àbóníkí, gbogbo wọn máa ń lẹ fọ́nrán yẹn pọ̀, omi á máa wọ ara rẹ̀, òtútù á sì mú un lọ́jọ́ òjò. Ó sì máa fi ẹnu tún ìyẹ́ náà ṣe, a jẹ́ pé ó ń gbé ohunkóhun tí ẹ fi pa á mì.

Hydrogen peroxide ń hó ṣùù, ó ń jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹran tuntun tó fẹ́ hù, afẹ́fẹ́ inú ìhó rẹ̀ sì lè wọ ibi tí kò yẹ nínú ihò jíjìn. Dettol àti ọtí sípíríìtì ń jó ẹran. Ìkunra apàrora tí orúkọ oògùn inú rẹ̀ parí sí "caine", bíi lignocaine, ẹ má fi kan ẹyẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó láti dààmú ọkàn rẹ̀.

Ọlọ́sìn Ẹyẹ (Àgége)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.

Omi dírípù iyọ̀ 0.9%, ìgò 500 ml, ló dára jù, wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì. Bí kò bá sí, ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n kọ 50 cl sí lára, ẹ po iyọ̀ sí i, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, kí ó tẹ́jú. Omi tó mọ́ fún ènìyàn láti mu, ó mọ́ tó láti fọ ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá sìríǹjì 20 ml àti abẹ́rẹ́ 18G.

Kí ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ wá gbogbo ihò. Ẹnìkan á di ẹyẹ mú nínú táwẹ́lì, ẹnìkejì á ti ìka bọ omi, á máa pín ìyẹ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń ya irun ọmọ fún dídì, láti ìdí ọrùn dé ìdí ìrù, abẹ́ apá, ìta itan, inú itan. Ibi tí ìyẹ́ bá lẹ̀ pọ̀ bí aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́, ihò wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí ihò kan, ẹ wo òdìkejì, nítorí ẹnu ajá ní òkè àti ìsàlẹ̀.

Ẹ fà ìyẹ́ kéékèèké tó yí ihò ká tu, bí ìbú ìka kan, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀nà tí ìyẹ́ náà kọjú sí, kí ìka yín kan tẹ awọ mọ́lẹ̀. Awọ ẹyẹ fẹ́lẹ́, bí ẹ bá já a lójijì á ya. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé ìyẹ́, kùkùté rẹ̀ á máa gún ọgbẹ́. Àwọn ìyẹ́ gígùn apá àti ti ìrù, ẹ má tu wọ́n.

Ẹ wá di ẹyẹ náà kí ojú ihò dagun sísàlẹ̀, kí omi tó wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Abẹ́rẹ́ á jìnnà sí ihò bí ìbú ìka méjì, kò gbọdọ̀ wọ inú. Ẹ tì í kí ó jáde ṣíí. Ó kéré tán 100 ml fún ihò kọ̀ọ̀kan, kódà bí omi ti ń jáde mímọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi povidone iodine tí ẹ ti là fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣíbí tíì kan, ìyẹn 5 ml, láti inú ìgò 10%, sínú omi 50 cl. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi tíì tí kò dúdú. Bó bá dúdú bí ọṣẹ dúdú, ó ti le jù, ó ń pa ẹran ni.

Dókítà Ẹran (Gbàgádà)

Ó ṣe kedere, ẹ ṣeun. Àmọ́ ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú sìríǹjì yẹn, pàápàá fún Màmá, nítorí ihò wọn wà nídìí apá.

Ẹyẹ kì í fi ẹ̀dọ̀fóró nìkan mí. Ó ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó tẹ́ láti ọrùn dé ikùn, egungun òkè apá rẹ̀ pàápàá ṣófo, afẹ́fẹ́ láti inú àpò wọ̀nyẹn sì ń dé inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ díẹ̀ rin ojú ihò, ẹ wò ó bó ṣe ń mí. Bí omi yẹn bá ń hó bí ọmọdé tó ń fẹ́ itọ́, tàbí tó ń fà wọlé tó ń tì jáde pẹ̀lú èémí, ẹ dúró síbẹ̀! Omi tí ẹ bá rọ sí ihò yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, gúùsì lè rì sómi lórí tábìlì. Ibi tí egungun apá bá ti yọ síta, òfin kan náà ni. Ẹ kàn fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi iyọ̀ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù bò ó, ó di ọ̀dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún fi ìka tẹ awọ ẹ̀yìn àti ti ọrùn wò. Bó bá wú fúkẹ́ bíi bàlúù, tó ń dún ṣáráṣárá lábẹ́ ìka bí ọ̀rá búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ ti jò sábẹ́ awọ. Díẹ̀ á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó bá ń pọ̀ sí i, tàbí tó ń dí èémí lọ́wọ́, dókítà ló ń fi abẹ́rẹ́ tú u, ẹ má gún un nílé.

Màmá Gúùsì (Yábà)

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún un yín. Mo ti rin ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ń hó. Mo ti fọ̀ wọ́n. Akọ náà ní ihò kan lábẹ́ itan lóòótọ́. Ampiclox ńkọ́? Tòun ti ìrora: diclofenac abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún àwa ènìyàn, ṣé mo lè pín in sí wẹ́wẹ́?

Dókítà Ẹran (Gbàgádà)

Diclofenac, rárá o! Kíndìnrín ẹyẹ kò lè gbà á. Igún tó jẹ òkú màlúù tí wọ́n fún ní diclofenac ní Íńdíà àti Pakistan kú débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n tán nílẹ̀. Ìwádìí tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde lọ́dún 2004. Ibuprofen náà, ẹ gbé e jìnnà.

Meloxicam la ń lò: 0.5 mg fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ti yín, kílò mẹ́rin, jẹ́ 2 mg. Ìdá kan nínú mẹ́rin hóró 7.5 mg súnmọ́ ọn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí kò tíì mu omi kò gbọdọ̀ gbé e mì. Ẹ dúró títí tí ẹ ó fi rí i tó mumi, tí funfun inú ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń jáde dáadáa.

Ní ti apakòkòrò, kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Pasteurella wà nínú ẹnu ajá, ó sì ń yára pa ẹyẹ bó bá dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dúró de ọyún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Amoxicillin tó ní clavulanic acid nínú la sábà máa ń yàn ju Ampiclox lọ fún ojú eyín ajá. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹyẹ ga ju ti ènìyàn lọ: 125 mg fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyẹn 500 mg fún kílò mẹ́rin. Nínú oògùn olómi tí wọ́n kọ 457 mg nínú 5 ml sí lára, ó jẹ́ 5.5 ml. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kó má sì dúró ní ọjọ́ kẹta torí pé ara rẹ̀ ti yá. Oògùn olómi yẹn ń gbé inú fíríìjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó. Bí iná bá lọ lọ́jọ́ gbogbo, ẹ tọ́jú kúlà àti yìnyín. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìparí lára páálí kí ẹ tó sanwó.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó súnmọ́ yín kí ó wọ̀n ọ́n kí ó sì fọwọ́ sí ìwọ̀n yìí, nítorí ojú kì í wọn kílò dáadáa. Ẹyin abo náà kò ṣeé jẹ ní gbogbo àsìkò oògùn. Ẹ bi dókítà iye ọjọ́ tó tún gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́sìn Ẹyẹ (Àgége)

Bí ẹ bá ń fún un ní oògùn olómi, ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ ná. Ní ìdí ahọ́n, ẹ ó rí ihò tóóró kan tó ń ṣí tó ń pa dé. Ihò èémí nìyẹn. Oògùn tàbí omi tó bá bọ́ síbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló lọ. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fi sí i, bíi 0.5 ml lẹ́ẹ̀kan, kó gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ẹ má da omi sí ẹnu ẹyẹ tí ọrùn rẹ̀ rọ tàbí tí kò lè gbé orí.

Omi mímu: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì (lítà kan), ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ kan omi náà, ọ̀pọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mu fúnra wọn. Ó wà fún ọjọ́ kìíní àti ìkejì nìkan, kó sì máà pẹ́ ju wákàtí méjìlá lọ nínú abọ́, nítorí omi oníṣúgà ń kan ní Èkó kíá. Lẹ́yìn náà, omi lásán, nínú abọ́ tó jìn tó láti ki orí bọ̀. Gúùsì tí kò rí omi ki orí bọ̀, ojú àti ihò imú rẹ̀ á dí.

Oúnjẹ: ẹ rẹ fíìdì gúrówà (oúnjẹ adìyẹ tó ń dàgbà) sínú omi títí á fi rọ̀, ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí koríko tútù sí i lórí. Búrẹ́dì kò ní ohun tí awọ fi ń hù. Ìgbẹ́ ló máa sọ bó ṣe ń jẹ fún yín: aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yòò, tó ṣàn, túmọ̀ sí pé ikùn ṣófo. Ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀, tàbí tó dúdú bí ọ̀dà, inú lọ́hùn-ún ló farapa.

Aládùúgbò (Ọbaléndé)

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba eṣinṣin, òun sì ni ọ̀tá kejì lẹ́yìn ajá. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti yé ẹyin sí ojú ọgbẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ìdin ti wà nínú ẹran. Ẹyin rẹ̀ funfun, ó ṣù jọ bíi gààrí díẹ̀ tí wọ́n dà sí ìdí ìyẹ́. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo páálí tàbí kéèjì náà látòkè délẹ̀, ẹ yẹ ọgbẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ pààrọ̀ táwẹ́lì tó ti tutù. Bí ìdin bá ti wọ̀ ọ́, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ (bí kì í bá ṣe ihò tó ń hó), ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn tàbí páùdà apakòkòrò sí ojú ọgbẹ́.

Fún bíbo ojú rẹ̀, ìkunra silver sulfadiazine tó fẹ́lẹ́ dára. Oyin gidi náà dára, èyí tí wọn ò fi ṣúgà lù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo oyin, èèrà á tọpa rẹ̀ wá: ẹ gbé kéèjì sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wà nínú abọ́ omi.

Nọ́ọ̀sì Ṣùúrùlérè

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ kan ẹyẹ náà ńkọ́? Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ẹyẹ, ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ń mú, ṣùgbọ́n itọ́ ajá ṣì wà lára ìyẹ́ yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí ẹ bá ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ tí itọ́ kàn, tàbí tí ajá há yín jẹ níbi tí ẹ ti ń là wọ́n, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró wo ajá bóyá á kú. Bí ẹ bá mọ olówó ajá, ẹ bi í ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Dókítà Ẹran (Gbàgádà)

Apá tó ń wọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tọ egungun rẹ̀ láti èjìká dé ṣóńṣó, tí ẹ kò bá gbọ́ kí ohunkóhun dún kẹ́kẹ́, ó lè jẹ́ ẹran tó fàya nìkan. X-ray ló máa sọ òtítọ́. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ pa apá náà dé bó ṣe máa ń pa á fúnra rẹ̀, ẹ fi báńdéèjì tó ń lẹ mọ́ ara rẹ̀ wé e bí nọ́ńbà 8: ó yí ìgbọ̀nwọ́ ká, ó kọjá sí ọrùn apá, ó tún padà. Torí pé òkè apá ló kàn, ẹ yí báńdéèjì náà po ara lẹ́ẹ̀kan, kí apá kejì wà lómìnira, kí ó kọjá níwájú ẹsẹ̀. Ìka yín kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀ nírọ̀rùn. Ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ wo èémí rẹ̀. Sẹ́lótéèpù kò gbọdọ̀ kan ìyẹ́.

Egungun ẹyẹ máa ń so ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó ń ba apá jẹ́ ni pé wọ́n á wé e, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, oríkèé á gan. Dókítà gbọ́dọ̀ máa tú u lọ́jọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó na apá náà díẹ̀, kí ó tún un wé.

Bí ó bá gba iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ kúrò ní Yábà kí ọkọ̀ tó dí ojú ọ̀nà. Iwájú níbi tí atẹ́gùn wà ni kí páálí wà, kò gbọdọ̀ wọ inú búùtù. Àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la nìyí: èyí tó ń ya ẹnu mí tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí, èyí tí omi tàbí oúnjẹ ń jò láti ọgbẹ́ ọrùn rẹ̀, èyí tí egungun rẹ̀ yọ síta, èyí tí ikùn rẹ̀ ya.

Màmá Gúùsì (Yábà), ọjọ́ kẹta

Dókítà ti wò ó, egungun kò ṣẹ́. Ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún ti bà mí láàárọ̀ yìí: awọ ẹ̀yìn rẹ̀ yí ihò ká ti di aláwọ̀ ewé, gbooro bí àtẹ́lẹwọ́. Ṣé ó ti ń jẹrà ni?

Dókítà Ẹran (Gbàgádà)

Ọkàn yín balẹ̀, Màmá. Ara tiwa, ẹ̀jẹ̀ tó dúró sábẹ́ awọ á dúdú, á sì wá pọ́n ráúráú. Ẹyẹ kò ní èròjà tó ń sọ aláwọ̀ ewé inú ẹ̀jẹ̀ bíbàjẹ́ di pípọ́n, nítorí náà ojú ìlùbolẹ̀ rẹ̀ máa ń di ewé ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, á sì pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí i. Awọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó rọ̀, tí kò rùn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ń jẹrà máa ń dúdú, á tutù, á gbẹ bí awọ bàtà, á sì rùn.

Ẹ má sì máa wá ọyún tó ń ṣàn. Ọyún ẹyẹ máa ń dì, á ṣù bíi wàrà tí wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá tẹ abẹ́ awọ tí ẹ bá kókó líle kan tó gbóná, kò ní tú fúnra rẹ̀, oògùn kì í sì í sábà wọnú rẹ̀. Dókítà ló máa là á, tí á hó o jáde.

Màmá Gúùsì (Yábà)

A dúpẹ́. Akọ kò jẹ́ kí n sinmi, ó ń ké láti àárọ̀ pé kí n gbé e fún òun. Ṣé kí n dá wọn padà pọ̀? Ìgbà wo sì ni wọ́n lè wọ omi?

Ọlọ́sìn Ẹyẹ (Àgége)

Gúùsì tó dá wà kì í jẹun dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn. Ẹ fi wáyà dá àárín wọn, kí wọ́n sùn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kí akọ má lè fi ẹnu kan ojú ọgbẹ́. Wọ́n ń ṣá ohun tó bá pọ́n. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kò dára fún ẹni tó ń jókòó púpọ̀, egungun àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀ á bó. Èérún igi tí káfíńtà fi ìfági fá, ìka mẹ́ta jíjìn, gbígbẹ. Èyí tó bá ti bu tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù: ẹyẹ omi kì í pẹ́ kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró láti inú ẹ̀bu.

Omi wíwẹ̀ á dúró títí ihò á fi pa dé tí awọ tuntun á bò ó, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, omi mímọ́ nínú báàfù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúró tì í. Bí omi bá ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ lára ìyẹ́ rẹ̀, ó ti tó. Bí ìyẹ́ bá rin gbindin, ẹ gbé e jáde, ẹ nù ún, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Wẹ́dà Òṣòdì

Màmá sọ pé ojú àgbàrá ni ajá gbà wọlé. Ibẹ̀ ni ajá, ẹtà àti awọ́nrínwọ́n ń gbà wọlé ní ọ̀pọ̀ ọgbà Èkó, a kì í sì í lè dí i nítorí òjò. Irin ọ̀pá 12 mm ni kí ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi sí i, ní òró, kí àlàfo àárín wọn má ju 5 cm lọ, kí ó wà lórí ìdè kí ẹ lè máa ṣí i kó pàǹtírí tó bá há. Ti awọ́nrínwọ́n kékeré àti ejò, ẹ so wáyà olójú 13 mm mọ́ ọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tú u kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé òru wọn: wáyà adìyẹ tó rọ̀ yẹn, ajá ń fi eyín fà á ya. Wáyà tí wọ́n jó pọ̀, tó nípọn, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ́ ẹ gbalẹ̀ síta ní 45 sí 60 cm yíká ìdí rẹ̀, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ajá máa ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí ògiri gan-an, kì í ronú láti sún sẹ́yìn. Ìlẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì, lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ìkọ́ kan ṣoṣo lókè máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ṣí tí imú ajá bá tì í. Kí wọ́n wọlé kí ó tó di aago méje alẹ́. Bí ẹ bá fi ojú àgbàrá yẹn wọ̀n kí n tó dé, ìbú àti gíga rẹ̀ ni mo nílò, àti bí omi ṣe ń ga tó níbẹ̀ lóṣù kẹfà.